Àtẹ́ Nínú Ilé Ilésanmí

Ní ìparí ọdún 1978, ní ìlú Ìyìn-Èkìtì, àgbẹ̀ kòkó kan tí a ń pè ní Ilésanmí ń ṣàìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru, Monínúọlá aya rẹ̀ sì ni ó ń tọ́jú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ní Adó kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní kí ó máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ìbáà rẹ̀ ẹ́, ìbáà má rẹ̀ ẹ́. Kí ó máa rìn díẹ̀ nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Kí ó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí iyọ̀ má ṣe kan ẹnu rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Monínúọlá ti ń se ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀ ní àtẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń bá a jẹ ẹ́, kí ó má baà dá nìkan jìyà.

Wàhálà kò pẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá gbé àtẹ́ síwájú àgbà ní Ìyìn, ó ti bú u. Adéfúnkẹ́, àbúrò Ilésanmí, ìyá pàtàkì nínú ìjọ Aládùúrà, tọ́ ọbẹ̀ náà wò ní ọjọ́ kan, ó sì gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti di Ọbàtálá ni? Òun ni mo mọ̀ tí kì í jẹ iyọ̀. Kúkú ra aṣọ àlà fún un."

"Ìyá wa, nọ́ọ̀sì ni ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì ni ó fẹ́ ẹ, àbí ìwọ?"

Ilésanmí rẹ́rìn-ín, ó sì ti àwo náà sẹ́yìn. Ó ní ẹnu òun ti kú.

Láti ìgbà náà ni Adéfúnkẹ́ ti ń gbé ìgò omi àdúrà wá láràárọ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè mu ún kí ó tó jẹun. Ìyanu ni ó jọ lójú Monínúọlá: ọkọ rẹ̀ yóò mu omi náà, yóò nu ẹnu rẹ̀, yóò sì jẹ àtẹ́ láìkùn.

"Omi yìí nìkan ni ó kù tí ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu," ni ó máa ń wí.

Monínúọlá rò pé ìgbàgbọ́ ni.

Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ń ru sí i. Nígbà tí wọ́n padà sí Adó, nọ́ọ̀sì wo ìwọ̀n rẹ̀, ó sì kọjú sí Monínúọlá. "Ìyá, iyọ̀ ń bẹ nínú oúnjẹ yín. Irọ́ kì í wo àìsàn." Obìnrin tí wọ́n ń bú nílé nítorí pé kò fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ni wọ́n tún ń bá wí ní Adó nítorí iyọ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Ilésanmí ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́, ọ̀rọ̀ sì kú mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn dókítà ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe, wọ́n sì dá a padà sílé.

Ẹbí péjọ sí yàrá rẹ̀. Akínwálé, olórí ẹbí, sọ ibi tí wọ́n fẹnu kò sí: bí ó bá jẹ́ pé àtẹ́ Monínúọlá ni ó gba agbára lára ọkọ rẹ̀, wọn yóò gbé aláìsàn lọ sí ilé àbúrò rẹ̀, obìnrin náà yóò sì padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìgèdè.

"Èmi kò gbèrò ibi sí i," ni Monínúọlá wí.

"Ìwọ yóò búra." Akínwálé nawọ́ sí ìgò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Mu nínú omi àdúrà yìí, kí o sì tún un wí."

Adéfúnkẹ́ dìde. "Bàbá, ti aláìsàn ni èyí. Ẹ jẹ́ kí n lọ bu òmíràn wá."

"Ṣé omi àdúrà ní ti aláìsàn, ó tún ní ti onílera ni? Jókòó, jàre."

Monínúọlá gbé ìgò náà sẹ́nu. Agbára káká ni ó fi gbé e mì. Kò búra. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò náà fún Akínwálé.

"Ẹ tọ́ ọ wò, Bàbá."

Bàbá tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. Ó gbé e fún ẹni tí ó jókòó tì í. Ìgò náà ń lọ láti ẹnu dé ẹnu. Lórí ibùsùn, Ilésanmí rí ìgò náà bí ó ti ń lọ káàkiri, ó sì na ọwọ́ òsì, èyí tí ó kù fún un, sí i. Òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ ẹ́.

"Omi tí ìjọ fún mi kò ní iyọ̀," ni àbúrò rẹ̀ wí níkẹyìn. "Àtẹ́ ń pa á lójú mi. Ọmọ ìyá mi ni. Mo ní kí adùn díẹ̀ kù fún un láyé."

Akínwálé kò wò ó. Ibùsùn ni ó kọjú sí, kí aláìsàn lè gbọ́.

"Ilésanmí, kì í ṣe aya rẹ. Gbogbo ẹbí, ẹ gbọ́: ẹni tí ó fi iyọ̀ bọ́ àìsàn yìí títí ó fi rọ ọ́ lápá, tí ó rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, Adéfúnkẹ́ ni."