Akọ̀wé Ọ̀gá Pátápátá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́, kí ẹ má baà rò pé ìlara ni mo ń ṣe. Àwòrán ara páálí ọjà ló ń yà. Ẹ gbé oògùn ikọ́ fún un, á ya páálí tí ẹni tí kò húkọ́ máa rí tí á ra ìgò méjì. Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ẹnu rẹ̀ ni kò dáa, àti orí tó gbé ẹnu náà.

Inú yàrá kan nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ti ń ṣiṣẹ́. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wojú yàrá náà pé òun fẹ́ gbé maṣíìnì kejì síbẹ̀, torí aṣọ àwọn èèyàn ti gba gbogbo àga tó wà ní pálọ̀. Àmọ́ àbúrò ti gbé tábìlì kalẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé e, ó sì lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn pé: "Ọ́fíìsì Ọ̀gá. Ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé." Onílé kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín títí, kò sì kàn án mọ́. Àtìgbà yẹn ló ti ń pè é ní Ọ̀gá Pátápátá. Àbúrò gba orúkọ náà tọkàntọkàn, ó rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí ni.

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá iṣẹ́. Ìyẹn ni pé, iṣẹ́ ń wá a níbẹ̀, ó sì ń lé e lọ. Ọkùnrin kan wà tó máa ń pariwo nínú fídíò, tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń di ẹni ńlá láti inú ilé wọn. Ọ̀gá ò fi fídíò rẹ̀ kan ṣeré. "Ẹni tó bá tètè dáhùn, ebi ló ń pa á!" lọkùnrin náà máa ń wí. "Jẹ́ kí wọ́n dúró! Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ẹ dí!" Ọwọ́ Ọ̀gá ò dí rárá, àmọ́ ó jẹ́ kí wọ́n dúró. Oníbàtà ọmọdé kan kọ̀wé sí i. Ó ní kí ìyẹn kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tó fi yẹ kí òun bá a ṣiṣẹ́. Oníbàtà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹnì kan tó ń ta tíì rọra béèrè ìgbà tí iṣẹ́ òun máa parí. Ọ̀gá fèsì pé, "Ṣé ẹ máa ń bi òjò nígbà tó máa rọ̀ ni?" Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ro ti onítíì yẹn wò.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà sú ẹ̀gbọ́n. Ó wọlé láìkanlẹ̀kùn, tẹ́èpù tó fi ń wọn aṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó dúró sáàárín ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá Pátápátá, gbọ́ mi dáadáa. Tí oṣù yìí bá parí tí o ò rí oníbàárà kan ṣoṣo tó máa gbé iṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀kejì, yàrá yìí ti di ti maṣíìnì. Wàá lọ máa bá Bọ̀ọ̀dá po ọ̀dà."

Ọkọ rẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀dà ilé ló ń tà, ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí òórùn ibẹ̀ ń ta èèyàn nímú láti ìta, tí àwọn oníbàárà sì ń fi ojoojúmọ́ gbé ike wọlé pé búlúù tàná kọ́ nìyí.

"Àǹtí, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ni Ọ̀gá wí. "Èmi kí n máa po ọ̀dà? Kí wọ́n máa pè mí pé ìwọ yìí, gbé ike yẹn wá?"

"Tí o bá yára gbé e, wọn ò ní pè ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù ba Ọ̀gá gidi gan-an. Ó ronú títí, ó wá dá ọgbọ́n kan. Kò sí ẹni ńlá tí kì í ní akọ̀wé, àbí? Ó ṣí àdírẹ́sì ímeèlì mìíràn, ó pè é ní Akọ̀wé Ọ̀gá. Kò tiẹ̀ fún ẹ̀dá náà lórúkọ. Bó ṣe gbà á síṣẹ́ nìyẹn, láìsí àga, láìsí owó oṣù.

Oníbàárà tó kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn méjèèjì ni obìnrin kan tó ń ṣe ọṣẹ ìwẹ̀ àwọn ọmọ ọwọ́. Ọ̀gá sọ ọ́ ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ó fẹ́ páálí tuntun fún ọṣẹ rẹ̀, ó kọ̀wé, ó béèrè bóyá àwọn lè jọ sọ̀rọ̀. Ọ̀gá fèsì pé, "Mo wà nípàdé." Ẹ̀pà ló ń pa lórí tábìlì. Lẹ́yìn tó ya àwòrán àkọ́kọ́ tán, obìnrin náà ní ó dáa, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀ ti le jù fún nǹkan ọmọ ọwọ́, ṣé ó lè rọ̀ díẹ̀. Ọ̀gá gbaná jẹ. Ó kọ ọ́ pé: "Àwọ̀ tí mo fọwọ́ sí nìyí. Ẹni tó bá lójú máa mọ̀."

Bó ṣe fi ìyẹn ránṣẹ́ tán ló rántí ọ̀dà. Òógùn bò ó. Ó sáré bọ́ sórí àdírẹ́sì akọ̀wé, ó sì kọ ọ́ pé:

"Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí Ọ̀gá kọ, ó rẹ̀ wọ́n ni. Mo ti jẹ́ kí àwọ̀ náà rọ̀. Ẹ wo méjèèjì pa pọ̀, kí ẹ mú èyí tó wù yín. Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ yín. Tó bá fẹ́ yẹ̀, màá tètè sọ fún yín."

Ẹ wá wo nǹkan o! Ìka kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà, ẹ̀pà kan náà lórí tábìlì. Ẹni tí kò lè sọ pé ẹ káàárọ̀ kó má dà bíi pé wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, tó bá ti di akọ̀wé, ara rẹ̀ á rọ̀ bí ọṣẹ tó wọ omi. Akọ̀wé kì í jẹ́ kí wọ́n dúró. Akọ̀wé ń béèrè ohun tí kò bá yé e. Ọjọ́bọ̀ tó dá náà pé, iṣẹ́ náà dé, kódà àárọ̀ ló dé.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ò kọ̀wé sí Ọ̀gá mọ́. Akọ̀wé ló ń kọ̀wé sí. Ó gbà pé ọmọbìnrin kan ni, Ọ̀gá ò sì tún un ṣe. "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" ló máa fi bẹ̀rẹ̀. "Ṣé ọ̀gá ẹ kì í jágbe mọ́ ẹ?" Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi ọkùnrin yìí bóyá ó jẹun, àánú náà sì dùn mọ́ ọn. Ó fèsì pé, "Mò ń fara dà á ni, mà." Lọ́jọ́ kejì ó fi díẹ̀ sí i: Ọ̀gá kì í jẹ́ kí òun jẹun ọ̀sán. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní háà, ìkà wo nìyẹn! Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá dìde lọ jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Oṣù ti ń lọ sópin nígbà tí ìwé kan dé sórí àdírẹ́sì akọ̀wé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ní ọṣẹ àwọn ti pọ̀ sí i, òun ń wá ẹni tí á máa ya gbogbo páálí àwọn, tí á sì máa dá àwọn oníbàárà lóhùn, iṣẹ́ oṣooṣù, látinú ilé ẹni. "Ìwọ ni mo fẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èmi kì í já ọmọọṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Màá pe ọ̀gá ẹ lọ́la, màá tọrọ ẹ, màá sì bi í irú èèyàn tó o jẹ́."

Ẹ̀gbọ́n, tó ti mọ àṣírí akọ̀wé, ń kà á láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì pariwo. "Ó ti bọ́ sí i! Àbúrò mi, ó ti bọ́ sí i! Mo gbà, máa lo yàrá ẹ lọ. Tó bá ti pè lọ́la, kó o kàn ní ọmọ dáadáa ni, ó mọ iṣẹ́, ẹ máa mú un lọ. Ó tán!"

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ń ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú rẹ̀ le.

"Kí ló rí lára ẹ̀?"

"Lára ta ni?"

"Akọ̀wé yẹn. Ta ló ya àwòrán? Ṣebí èmi ni. Kò sọ pé kí èmi wá. Ó ní akọ̀wé lòun fẹ́."

"Ṣé kì í ṣe ìwọ náà ni?"

"Ọmọọṣẹ́ mi ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, Àǹtí."

Ẹ̀gbọ́n wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọọṣẹ́ wo? Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí rẹ̀ bóyá ó gbóná. Kò gbóná.

Fóònù dún lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n sáré fi aṣọ tó ń gé sílẹ̀, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. Ọ̀gá gbé fóònù, ó fi ohùn ìsàlẹ̀ dáhùn. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kí i dáadáa, ó dúpẹ́ iṣẹ́, ó tọrọ akọ̀wé.

"Kò burú," ni Ọ̀gá wí. "Ọmọ dáadáa ni."

Ẹ̀gbọ́n fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, pa ẹnu ẹ dé báyìí. Ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀.

"Kí n má purọ́ fún yín, sà," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí, "ọmọ yẹn ló jẹ́ kí n dúró. Tí kì í bá ṣe tiẹ̀ ni, mi ò bá ti wá ibòmíì lọ látìgbà tí ẹ ní ẹ wà nípàdé. Ó níwà, ó nísùúrù. Ó hàn pé òun gan-an ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà."

Ọ̀gá gbọ́ ìyẹn, ó sì dùn ún dé egungun. Òun ló ń ṣe iṣẹ́! Akọ̀wé! Ó nà ró lórí àga.

"Ẹ gbọ́, màdáámù, ẹ má jẹ́ kí ẹnu dídùn tàn yín o. Gbogbo ohun tó mọ̀, èmi ni mo kọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n gbé àlùmọ́gàjí sókè, ó fi júwe ọrùn.

"Tí mi ò bá dúró tì í, kò ní ṣe nǹkan kan. Títí oòrùn fi máa mú ló ń sùn. Èèyàn á gbowó oníbàárà sílẹ̀, á wá máa wo fídíò kiri. Ó sì nígbèéraga! Kì í hàn nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ tí kò mọ̀."

Ẹ wò ó, n ò lè sọ pé ó purọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọkùnrin yìí, kò tíì sọ òótọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó tún máa ń parọ́ mọ́ mi," ló ń wí lọ. "Ó máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé n kì í jẹ́ kí òun jẹun ọ̀sán."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí.

"Ṣé ẹ rí i! Kò sọ́jọ́ tí kì í jẹun!"

"Háà. Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ó dáa tí mo béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọmọ àbúrò mi kan ti ń bẹ̀ mí nítorí iṣẹ́ náà, màá kúkú mú un."

Fóònù kú. Ọ̀gá gbé e kalẹ̀, ó fara ti àga, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni tó gba nǹkan rẹ̀ padà lọ́wọ́ olè. "Ó fẹ́ mú un lọ mọ́ mi lọ́wọ́," ló wí. Ó wá wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀rín náà rọra kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì fọwọ́ lérí.

Ẹ̀gbọ́n fi àlùmọ́gàjí gé bébà tó wà lára ilẹ̀kùn kúrò, ó ká a, ó fi sápò, ó lọ pe àwọn tó máa bá a gbé maṣíìnì.

Ọ̀gá sáré bọ́ sórí àdírẹ́sì akọ̀wé. Ó kọ ọ́ pé: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọ̀rọ̀ Ọ̀gá gbọ́. Ìlara ló ń ṣe wọ́n. Èmi ni mo ń ṣe gbogbo iṣẹ́, wọn ò mọ nǹkan kan." Èsì dé kí wọ́n tó gbé tábìlì kúrò níwájú rẹ̀. "Ọmọ mi, ó ń bú ẹ, ìwọ náà ń bú u. Dúró ti ọ̀gá ẹ. Ẹ jọra yín."

Ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà báyìí. Obìnrin kan gbé ike kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó pariwo pé búlúù tí òun rà tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí, pé olè ni gbogbo wọn. Ọkùnrin wa gbọnrí, ó yanu, ọ̀rọ̀ ìpàdé ti dé ètè rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá, tó ń ro ọ̀dà lẹ́yìn, gbójú sókè wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ẹ má bínú, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Mo máa po òmíràn. Ẹ wo méjèèjì pa pọ̀, kí ẹ mú èyí tó wù yín."

Ara obìnrin náà rọ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tó ń gbé ike rẹ̀ lọ, ó yíjú sí Bọ̀ọ̀dá. "Ọ̀gá, ọmọọṣẹ́ yín yìí mà níwà o!"

"Ẹ rọra sọ ọ́," ni Bọ̀ọ̀dá wí. "Tí ọ̀gá ẹ̀ bá gbọ́, kò ní fi í sílẹ̀ fún wa."