Àlàfo Inú Ìlà Ẹ̀yìn

Ó tún wà níbẹ̀. Àlàfo yẹn. Mo ti fọwọ́ nu ojú, mo tún wò ó, ibẹ̀ náà ló wà — ìlà ẹ̀yìn dá láàrin, àga méjì ò sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ara ògiri níbí ni wọ́n wà, ọ̀kan gorí èkejì. Ta ló gbé wọn síbẹ̀? Ta ni ì bá tún jẹ́? Èmi nìkan ni mo to gbọ̀ngàn yìí láti àárọ̀. Ọwọ́ mi ni.

Ọwọ́ mi ni, orí mi ò sì mọ̀ sí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

"Bàbá, ẹ wá wo fọ́tò yìí." Ọmọbìnrin tó ń ṣètò ìpàdé ló pè mí lẹ́ẹ̀kan. Orí pèpéle ló dúró sí, ó ti ya gbogbo àga náà. Ó na fóònù sí mi. "Ṣé ẹ rí i? Bí ẹnu tí eyín ti yọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o, Bàbá mi." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ọmọ tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn mi, tó ń wò mí bí ẹni ń wo àgbàlagbà tó ṣìnà ilé...

Ó ti jáde lọ pàdé àwọn àlejò tó ń wá gbọ̀ngàn fún ìpàdé wọn. Wọ́n ti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń bọ̀. Wọn ò wá ṣèpàdé lónìí, wọ́n wá wo gbọ̀ngàn ni, bí ẹni tó fẹ́ gbalé tí ń yẹ òrùlé wò. Tó bá wù wọ́n, ìpàdé ńlá wọn á wá síbí lọ́dún tó ń bọ̀, àlejò á kún òtẹ́ẹ̀lì, onítakisí á jẹun, alásè á jẹun, àwa náà á jẹun. Tí kò bá wù wọ́n, wọ́n á wọ ọkọ̀ òfurufú wọn, ìlú mìíràn ló kàn. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà láti wá," ọmọ náà wí. "Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n jìn sí kòtò." Mi ò lè bá a jà. Òun náà ń wá oúnjẹ.

Ọ̀gá gbọ̀ngàn ní tirẹ̀ ti sọ ọ́ nígbà kejì. "Ẹ̀gbọ́n, tó bá tún ṣẹlẹ̀, ilé ẹrù nísàlẹ̀ lẹ ń lọ. Kì í ṣe ìyà o. Kí ẹ lè sinmi ni." Sinmi! Yàrá tí kò ní fèrèsé. Àpótí àti eruku. Wọ́n fẹ́ kí n máa fi ìsinmi dánra wò kí n tó kú.

Tí wọ́n bá mú mi kúrò ní gbọ̀ngàn yìí... rárá. Rárá. Kí n dí i ná.

Mo gbé àga tó wà lókè. Kò wúwo.

Ṣùgbọ́n kí ló dé? Mo ti ń to àga láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Okùn ni mo máa ń ta láti ògiri dé ògiri, ẹsẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan á kan okùn, kò ní wọnú, kò ní yọ síta. Àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ máa ń sọ pé èèrà ò lè gba àárín àga mi kọjá láìtọrọ gáfárà. Èèrà! Erin ló lè kọjá báyìí, tòun tọmọ rẹ̀.

Ṣé ojú ni? Ojú kọ́, mo rí okùn. Ṣé oorun ni? Mo sùn. Ó ku orí.

Orí. Bí ti Bàbá wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó fi ṣíbí sínú bàtà, a rẹ́rìn-ín, òun náà bá wa rẹ́rìn-ín. Ó tún ṣe é, a ò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ilé onílé ló ń kàn, ó ń ní kí wọ́n ṣí i fún òun, pé ilé òun ni. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la máa ń lọ mú un wálé, ọwọ́ kan lọ́dọ̀ mi, ọwọ́ kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ní, "Bùọ̀dá, tó bá kàn yín, èmi ni màá máa wá yín kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rìn jìnnà o, orúnkún mi ò gbà á." Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé èmi ló máa kàn? Ìwọ lo jọ Bàbá." Ó ní, "Imú nìkan ni mo fi jọ ọ́!" Bàbá wà láàrin wa, ó ń bá wa rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí à ń sọ...

Kò kan àbúrò mi. Àyà ló ní ó ń dun òun. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọ ilé ìwòsàn, wọ́n gbé e jáde. Kò tíì pẹ́. Bó ṣe pẹ́ tó, mi ò fẹ́ kà á.

Tí orí mi bá wá lọ báyìí, ta ni yóò máa wá mi kiri?

Mi ò sunkún níbi tí a ti sin ín. Gbogbo wọn ló rí i. "Ẹ ṣọkùnrin, Ẹ̀gbọ́n." Mo bu erùpẹ̀, mo dà á sí i, mo gbọn ọwọ́ mi, mo padà síbi iṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe nílé? Ilẹ̀ ibí yìí, ó kéré tán, mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi ló máa ń nù ún. Ìyá Dídán ni wọ́n ń pè é níbí, torí ilẹ̀ tó bá nù, o lè rí ojú ara rẹ níbẹ̀, kó o sì rí i pé o ò tíì fá irùngbọ̀n. Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ náà. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ ìnulẹ̀ báyìí. Ọkùnrin kan ló máa ń tì í kiri kí n tó kó àga jáde, á máa kùn bí agbọ́n, tó bá ti ṣe tán, ó ti lọ. Ilẹ̀ náà mọ́. Mi ò sọ pé kò mọ́. Ṣùgbọ́n bàtà mi ń fi ipa sílẹ̀ tí mo bá ń to àga, kò sì sẹ́ni tó ń wá nù ún mọ́...

Nù ún.

Dúró ná.

Tí mo bá to àga tán ni òun máa ń wọlé. Láti yàrá omi, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Ìlà ẹ̀yìn gba ògiri dé ògiri, kò sí ọ̀nà. Tí mo bá dí i pátápátá, àfi kó gba ìta, kó gun àtẹ̀gùn, kó yí gbogbo ilé po pẹ̀lú omi, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àga méjì sílẹ̀ fún un? Mi ò rántí. A ò bá ara wa sọ ọ́ rí. Mo kàn máa ń yọ wọ́n ni, kí n gbé wọn ti ògiri, kí n máa ká okùn mi. Màá gbọ́ táyà kékeré ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ń han. Á gba ibẹ̀ kọjá, á máa nu ibi tí mo tẹ̀ títí dé pèpéle, á na ẹ̀yìn rẹ̀, á wá ké sí mi láti ọ̀hún: "Onílé! Ẹ tilẹ̀kùn yín o, olè pọ̀ níta!" Ìgbà yẹn ni màá tó gbé àga méjèèjì síbẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tí mo bá ká okùn tán. Kì í ṣe ìgbà tí ọ̀gá bá pè. Ìgbà tí òun bá ké sí mi ni.

Orí mi ò lọ.

Orí mi ò lọ rárá. Ó pé pérépéré, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é látọjọ́ yìí wá. Mo to ìlà, mo yọ àga méjì, mo ká okùn, mo dúró. Ìdúró yẹn... mo rò pé mo ń sinmi ni. Mo máa ń kọjú sí yàrá omi, mo máa ń... mò ń dẹtí sílẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ti fọwọ́ ara mi da erùpẹ̀ sí i.

Ì bá sàn kó jẹ́ orí ló lọ. Orí tó bá lọ, ẹlòmíràn ló ń bá a sunkún.

Ohùn ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàtà wọn pọ̀. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ náà, ẹ̀rín iṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀rín inú. Àga kan ti wà nílẹ̀, ní àyè rẹ̀. Èkejì wà lọ́wọ́ mi. Àyè tó kù ò ju ibi tí obìnrin kan lè fẹ̀gbẹ́ gbà, tó bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè díẹ̀...

Kò sẹ́ni tó máa ké sí mi.

Àbúrò mi. Mò ń tilẹ̀kùn o.