Ìgbéyàwó Ishbel

"A ò ní ta orin yẹn o," ni Torquil wí, ó sì gbé gòjé rẹ̀ lé itan.

Hector, tó máa ń ta dùùrù fún un, wo inú gbọ̀ngàn. Àwọn ará ìlú Tain ti tò lọ́kùnrin lóbìnrin láti jó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá, òun ni wọ́n ń bèèrè látìgbà tá a ti dé. Kí ni ká wí?"

"Sọ pé mo ti gbàgbé ẹ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é? Ta ló máa gba irọ́ yẹn gbọ́?"

Torquil ló ṣe é lóòótọ́, fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó sọ ọ́ ní Ìgbéyàwó Ishbel àti Ruaridh. Ijó ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ tí wọ́n ń pè ní sitirasípè ni: ohùn kúkúrú á ṣáájú, gígùn á tẹ̀ lé e, bí ẹni tó fẹ́ sáré tí wọ́n fà láṣọ. Orin náà ti tàn káàkiri kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó kò. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Ruaridh bá obìnrin mìíràn lọ sí Aberdeen. Ìgbéyàwó fọ́, orúkọ orin ò fọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ẹ̀, ojú á máa ti Torquil bí ẹni pé òun gan-an ló sá lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ni Ishbel ti gbé tíì wá bá wọn. "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò ta orin?"

Hector bojú wolẹ̀. Torquil ní, "Orin ẹ ni wọ́n ń bèèrè. Mo fẹ́ yí orúkọ ẹ̀ padà. Mo lè fi orúkọ odò kan pè é."

"Odò kẹ̀? Ṣé odò ló fẹ́ ṣègbéyàwó ni?" Ishbel gbé ife sílẹ̀. "Ẹ yọ Ruaridh kúrò, kẹ́ ẹ fi mí sílẹ̀ níbẹ̀."

"Ìgbéyàwó Ishbel lásán? Wọn ò ní fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Wọ́n ti ṣe é tán, Bàbá, ó ti sú wọn. Èmi ni mi ò tíì jó o rí."

Torquil gbé gòjé rẹ̀ kúrò ní itan. Ó tún okùn gòjé fà, ó bọ́ síwájú, ó sì dárúkọ orin náà bí ọmọ ṣe wí. Obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ta wá lọkọ?"

Ishbel ti bọ́ sáàárín àwọn tó tò. "Ẹ jẹ́ ká jó ná!" ló fi dá a lóhùn.

Torquil fẹsẹ̀ lulẹ̀, ó sì ta á.