Omi Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Hàmdálátù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lọ́dún méjì sẹ́yìn pé èmi Ìdíátù, oníṣòwò obì ní Sábó, Ṣàgámù, yóò di ẹni tí ń fi àwọ̀n kó ewé kúrò lójú omi láàárọ̀, ǹ bá ní kí olúwarẹ̀ lọ sùn, oorun ló ń kùn ún. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi. Hàmdálátù, àkọ́bí wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Kánádà, ló fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbẹ́ púùlù, odò ìlúwẹ̀ẹ́, sí ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí mo gbin ata sí. Wọ́n hú ata mi dànù. Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ohun tí wọ́n ń ṣe.

Kì í ṣe fàájì ló mú ọmọ náà ṣe é. Bàbá rẹ̀, Alhaji Síkírù ọkọ mi, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Ọwọ́ bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ ẹnu bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì kọ̀ jálẹ̀. Dókítà ní kí ó máa rìn nínú omi láràárọ̀, nítorí omi ń gbé èèyàn ró. Bàbá Hàmdálátù ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń bẹ Ọlọ́run fún: kí òun fi ẹsẹ̀ ara òun rìn dé mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Ilé mẹ́fà péré ló wà láàárín àwa àti mọ́ṣáláṣí náà. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, ọkọ̀ la fi ń gbé e lọ, àwọn ọ̀dọ́ á sì gbé e sọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń sọ agbọ̀n obì. Ó máa ń di ojú rẹ̀ títí wọn á fi sọ̀ ọ́ tán. Mo mọ̀ pé ìtìjú ni.

Láràárọ̀, kí ó tó wọ omi, mo máa ń fi òrí ra ẹsẹ̀ náà láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé itan kí iṣan lè rọ̀. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe fún gbogbo ẹni tí ara bá ń ro nìyẹn. A ó máa tàkúrọ̀sọ bí mo ṣe ń ra á, nípa ọmọ, nípa àwọn tó ti kú, nípa ẹni tó fẹ́ tún fẹ́ ìyàwó lọ́jọ́ ogbó. Bí mo bá ti ṣe tán, Fábíyìí awakọ̀ wa á gbé e wọ omi, á dúró tì í níbẹ̀, èmi á sáré gba Sábó lọ.

Omi náà kò tóbi. Bí ẹ bá so yàrá méjì pọ̀, gbogbo rẹ̀ nìyẹn, ibi tó jìn jù níbẹ̀ kò sì kọjá àyà mi. Síbẹ̀, àwọn tó gbẹ́ ẹ ní a gbọ́dọ̀ gba ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, ni wọ́n bá mú Níyì wá, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan tó ń gbé nítòsí Intashéènjì, oríta ọ̀nà márosẹ̀. Ó ń wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdé. Á kó ewé, á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ògiri, á tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, á gbọ́n lẹ́búlẹ́bú funfun kan sí i, ó tán. Kì í tó wákàtí kan. Èmi á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

“Níyì, kí lo gbọ́n síbẹ̀ yẹn?”

“Kòlórínì ni, Mọ́mì. Òun ló ń pa kòkòrò.”

“Kòkòrò wo? Mi ò rí kòkòrò kankan.”

“Èyí tí ojú ò lè rí ni, mà.”

“Báwo lo wá ṣe mọ̀ pé ó ti kú?”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o, mo fẹ́ mọ̀ ni. Ọdún kẹtàlélógójì rèé tí mo ti ń bá kòkòrò obì jà, mo sì mọ̀ pé obì lè máa dán lójú kí inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ mìíràn, mo ní kí ó ṣí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi fún mi. Iyanrìn ló kún inú rẹ̀! Mo kígbe. Iyanrìn tí ń ba omi jẹ́ ní gbogbo ayé, òun ni wọ́n fi ń sẹ́ omi ní ẹ̀yìnkùlé mi. Ọjọ́ yẹn ni nǹkan náà wọ̀ mí lára. Bí mo bá dé Sábó, tí àwọn oníbàárà ń ná gbàǹja, ọkàn mi á wà lọ́dọ̀ iyanrìn.

Nígbà tó di oṣù kejì, omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Òórùn kòlórínì ni, ó gbóná nímú, ó ń ta ọkọ mi lójú. Ní Sábó, imú la fi ń mọ ọjà. Bí mo bá ṣí agbọ̀n gbàǹja tí òórùn gbá mi lójú, mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ti pọ̀ jù níbẹ̀, yálà ooru, yálà omi ara ewé, mo sì gbọ́dọ̀ dín in kù kíákíá. Mo wo lẹ́búlẹ́bú Níyì, mo ní mo ti rí i mú.

“Ò ń gbọ́n ọn jù,” ni mo wí fún un. “Ṣé o fẹ́ bó ọkọ mi láwọ̀ ni?”

“Mọ́mì, ẹ máà bínú, ó yẹ ká fi kún un ni.”

“Fi kún un? Ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù, iyọ̀ ni wọ́n fi ń tún un ṣe nílé yín?”

Níyì wo ojú ọkọ mi tó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Ọkọ mi ń wo orí igi máńgòrò bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ síbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Níyì, mo fún un ní gbàǹja mẹ́jọ tó dára, mo ní kí ó má wá mọ́, mo ti rí gbogbo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá fi obì rẹ̀ sílẹ̀ fún alágbàṣe, kòkòrò ló fi sílẹ̀ fún. Níyì ò bínú. Ó mú àwọn ìgò wẹ́wẹ́ kan jáde nínú àpò rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń dán omi wò. Ó ní bí wọ́n bá kán oògùn inú wọn sómi, tí omi pọ́n bíi epo òróró, kòlórínì wà níbẹ̀, tí kò bá sì yí àwọ̀ padà, kò sí. Ó ní kí n máa lò ó láràárọ̀. Mo gbé e sórí fèrèsé, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Mo dín lẹ́búlẹ́bú náà kù sí ìdajì, lẹ́yìn náà sí ìdá mẹ́rin. Òórùn náà lọ. Mo pe Hàmdálátù lórí fóònù, mo yangàn títí ó fi ní òun fẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ti ń gbé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà yẹn, láìdi ẹnikẹ́ni mú. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni omi náà dà bí ẹni pé wọ́n fọ ìrẹsì sínú ẹ̀. Kí n tó mọ̀, ó ti di àwọ̀ ewé, ògiri àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Mo ní kí n fọ̀ ọ́ lọ́la. Àárọ̀ ọ̀la yẹn ni ẹsẹ̀ ọkọ mi yọ̀ nísàlẹ̀ omi. Fábíyìí fà á jáde, ṣùgbọ́n ó ti mu omi, ìgbáròkó rẹ̀ sì ti gbá ògiri. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́ títí omi yóò fi dára. Nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá fi kọjá, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ti di mẹ́rin. Mo jókòó sí ilé ìdáná, mo sunkún. Èmi ni mo ṣe é, ẹnu mi tí kì í dákẹ́ àti imú mi tó gbọ́n jù.

Ojú tì mí láti pe Níyì. Mo mú àwọn ìgò orí fèrèsé, mo ní kí Fábíyìí ka ìwé ara wọn fún mi. A fọ ògiri fún odidi ọjọ́ méjì, a gbọ́n kòlórínì bí ìwé ṣe wí, omi padà mọ́ gaara. Dókítà ní ó dára, ọkọ mi padà sínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kán oògùn náà sómi láràárọ̀. Kí ọkọ mi tó wọ inú rẹ̀, omi á pọ́n bíi òróró. Lẹ́yìn tó bá jáde, tí mo bá ti Sábó dé lọ́sàn-án, mo tún kán an, àwọ̀ náà á ti ṣá. Mo rò pé oòrùn ló fà á. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí kò wọ omi, mo kán an láàárọ̀, mo kán an ní ọ̀sán, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Oòrùn kọ́, a jẹ́ pé ọkọ mi ni. Kí ni Bàbá Hàmdálátù ń gbé wọ omi tó ń jẹ kòlórínì?

Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo wo omi láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí oòrùn ti ń tàn sí i, mo rí i pé nǹkan kan ń dán lójú rẹ̀. Mo fi ìka ra ògiri níbi tí omi mọ, ó yọ̀, kì í sì í ṣe yíyọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Mo gbé ìka sí imú. Imú tó ti tàn mí jẹ níjọ́sí sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Òrí ni.

N kì í gba nǹkan gbọ́ láìpa obì rẹ̀ wò. Mo bu omi púùlù sínú abọ́ méjì, mo fi òrí bíńtín sí ọ̀kan, mo rò ó, mo dé méjèèjì pa. Ní ìrọ̀lẹ́ mo kán oògùn sí wọn. Èyí tí kò ní òrí pọ́n bíi òróró. Èyí tó ní òrí funfun bí omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì títí.

Mo gbé fóònù, mo pe Níyì, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó wo abọ́ méjèèjì, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé èmi ni ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Mọ́mì, kòlórínì tó bá ń bá ìdọ̀tí jà ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀ yẹn. Tí kò bá rí nǹkan bá jà, kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Ìdí tí mo fi ní ká fi kún un nìyẹn.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé òrí ni?”

Ó yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. “Mo sọ fún Bàbá láti ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débí. Mo ní kí wọ́n máa pa á lára tí wọ́n bá jáde lómi. Bàbá ní kí n má ṣèyọnu, pé àwọn á fúnra àwọn bá yín sọ ọ́.”

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ mi wà ní pálọ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà.

“Bàbá Hàmdálátù, ẹ mọ̀ pé òrí ló ń ba omi jẹ́?”

Kò jiyàn. “Mo mọ̀.”

“Ẹ wá dákẹ́? Ẹ jẹ́ kí n lé ọmọ ọlọ́mọ lọ, ẹ jẹ́ kí n máa ṣe bí wèrè létí omi, títí ẹ fi ṣubú? Ẹsẹ̀ tí ẹ ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run!”

Ó gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. “Ìdíátù, ọdún mélòó la ti fẹ́ra?”

“Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.”

“Kí àìsàn yìí tó dé, ìgbà wo lo jókòó tì mí láàárọ̀ rí?”

Mo rò ó. Mo ṣì ń rò ó títí di òní. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń wà ní Sábó, tí mo ń ṣí agbọ̀n, tí mo ń yí obì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń fi ewé tuntun bò ó. Obì kan kò sí tí ọwọ́ mi kì í kàn.

“Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ,” ló wí, “o ò ní í ra ẹsẹ̀ yìí láàárọ̀ mọ́. Fábíyìí á gbé mi wọ omi, ìwọ á ti dé Sábó. Bí mo bá sì fi máa jáde, o ò sí nílé. Mo ní ẹsẹ̀ tó bá máa rìn yóò rìn. Ọwọ́ yẹn ni mi ò fẹ́ kó lọ.”

Mo fẹ́ bínú sí i. Mo wá ìbínú náà títí, mi ò rí i. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbé e lé itan mi.

Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni Níyì ń wá wo iyanrìn àti ẹ̀rọ, ìyókù wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi ń wọ omi láìní òrí lára, Fábíyìí á gbé e jáde, èmi á nu ún, èmi á wá mú òrí. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé iwájú ilé kẹta kí ó tó ní kí wọ́n gbé àga wá. Ó ku mẹ́ta.

Láàárọ̀ yìí, mo ti ra ẹsẹ̀ náà dé itan nígbà tí fóònù mi dún. Sábó ni, mo mọ̀ pé ọkọ̀ tó fẹ́ kó obì lọ sókè Ọya ti dé. Bàbá Hàmdálátù wo fóònù, ó wò mí, ó sì tún yí ojú sí igi máńgòrò.

“Ṣé o ò ní í gbé e ni?”

Mo bu òrí mìíràn sí àtẹ́lẹwọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀.