Ìlà Kékeré ní Igun Ọ̀run

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì gbóná, ẹni tó bá gbé àwòrán síbẹ̀ láàárọ̀ kò ní tíì fọ ẹnu tán tí ogójì èèyàn á fi ti sọ̀rọ̀ sí i. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń pàdé, orúkọ tí wọ́n sì fún ẹgbẹ́ wọn ni Ojúmọ́ Kan, Àwòrán Kan. Òfin méjì péré ló wà níbẹ̀: gbé àwòrán kan wá lójúmọ́, kí o sì sọ òtítọ́ nípa ti ẹlòmíràn. Wọ́n tó ẹgbẹ̀ẹ́dógún nígbà kan. Wọ́n máa ń torí òjìji bá ara wọn jà, wọ́n máa ń bá ara wọn ṣọ̀fọ̀, àwọn méjì tilẹ̀ ti ibẹ̀ fẹ́ ara wọn.

Bó ṣe di pé ẹgbẹ́ náà ń jò nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò rí ojú ihò. Àwọn kan kú, àwọn kan bímọ, àwọn kan gba ibi tí àwòrán ti ń jó tó sì ń kọrin lọ. Àwọn tó kù ò sọ òtítọ́ mọ́. "Ó dáa gan-an," "Ó rẹwà," kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn á ya ìyá rẹ̀ láìsí orí, wọ́n á ní ó rẹwà.

Olùtọ́jú mẹ́ta ló ṣẹ́kù fún ẹgbẹ́ ọ̀hún. Àkọ́kọ́ ni Ọ̀gá Fíìmù, bàbá àgbàlagbà tó dá a sílẹ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún ya àwòrán fún ìwé ìròyìn. Èkejì ni Tíṣà, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ẹ̀kẹta ni obìnrin tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, tó ń to nọ́ọ̀tì kéékèèké sínú páálí ẹyin kí wọ́n má bàa sọnù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹnu kò pé bí àwọn tó ń gbé àwòrán wá lóṣù kan ò bá tó mẹ́wàá mọ́, àwọn á fi ọlá ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà, kí àwọn oníjìbìtì má bàa sọ ibẹ̀ di ààtàn.

Lóṣù yìí, wọ́n jẹ́ méjìlá. Ó yẹ kí inú Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dùn. Àmọ́ márùn-ún nínú méjìlá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, láàárín oṣù mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n rí.

Tíṣà pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara ò fu yín ni?"

"Sí kí ni?"

"Sí àwọn márùn-ún yìí. Ọmọ Tuntun, Wo-Ọ̀run, Arìnrìn-àjò, Ìyá Òdòdó àti Akẹ́kọ̀ọ́. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìṣirò ni mò ń kọ́, ẹ̀gbọ́n. Èèyàn márùn-ún kì í ṣàdédé yọ nígbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kú."

"Bóyá Ọlọ́run ló rán wọn."

"Àwọn tí Ọlọ́run rán á mọ kámẹ́rà dì mú. Ẹ bá mi yẹ̀ wọ́n wò kó tó di Sátidé. Bí ẹ bá ní èèyàn gidi ni wọ́n, à ń bá a lọ. Bí ẹ bá ní irọ́ ni wọ́n, a ti ilẹ̀kùn. Ohun tí ẹ bá sọ labẹ gé."

Ká sòótọ́, ara ti ń fu òun náà. Òun nìkan ló ṣì ń sọ òtítọ́ sí àwòrán àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ̀nyí. Ó sọ fún Ìyá Òdòdó pé, "Ògiri lo yà, òdòdó kàn ń kọjá lọ ni." Ó sọ fún Ọmọ Tuntun pé ó ti gé ẹsẹ̀ ọkùnrin kan dànù. Ẹlòmíràn ì bá bínú. Àwọn wọ̀nyí ò bínú rárá. Ohun kan náà ni àwọn márààrún máa ń fi dá a lóhùn: "Ẹ ṣé. Kí lẹ tún rí níbẹ̀?" Ẹnu márùn-ún, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ti àwọn kámẹ́rà oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣí àwòrán wọn lójú kọ̀ǹpútà ńlá, ó sì ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ti Wo-Ọ̀run ló kọ́kọ́ wò, ojú ọ̀run gbalasa. Ní igun òsì lókè, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ̀, bí irun ìpéǹpéjú tó já bọ́. Ó fi ìka nu ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà náà ò kúrò. Ó ṣí ti Arìnrìn-àjò: igun òsì lókè. Ó ṣí ti Ìyá Òdòdó, ìlà náà wà lára ògiri funfun, níbi kan náà gẹ́lẹ́. Nígbà tó fi dé orí ti Akẹ́kọ̀ọ́, kò tún nílò kí ó máa wá a mọ́. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló ya gbogbo wọn.

Ẹlòmíràn ì bá pàtẹ́wọ́ pé òun ti mú olè. Òun ò pàtẹ́wọ́, nítorí pé ó mọ ìlà yẹn. Òun ló fà á.

Ọdún méje sẹ́yìn ni Ọ̀gá Fíìmù gbé kámẹ́rà rẹ̀ wá fún un pé kó bá òun nù ún. Nínú ikùn kámẹ́rà, gíláàsì pẹlẹbẹ kan wà tí kò fẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, orí rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ máa ń bọ́ sí kó tó di àwòrán. Ẹyọ iyanrìn kan ti lẹ̀ mọ́ igi tó fi ń nù ún, kò rí i, ó sì fà á kọjá lórí gíláàsì. Ó ha á. Ó jókòó, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó dé e padà, ó fi aṣọ dídán wé e, ó gbé e lọ fún onínǹkan, ó ní, "Ó ti mọ́, Ọ̀gá."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá náà kọ ọ́ síta fún gbogbo ẹgbẹ̀ẹ́dógún èèyàn pé ọwọ́ ẹ̀rọ̀ ni obìnrin yìí ní. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ibẹ̀ náà ni àwọn oníbàárà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tọ̀ ọ́ wá. Odindi oṣù kan ló fi ń fi awò wo gbogbo àwòrán tí Ọ̀gá bá gbé wá, kò rí ìlà kankan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó bo àṣírí òun, ó sì gbà pé ohun tí òun bà jẹ́ ò hàn síta.

Báwo ló ṣe wá hàn báyìí, lára àwòrán àwọn àjèjì? Ṣé wọ́n jí kámẹ́rà náà gbé ni? Àbí Ọ̀gá ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí, tó wá ń dẹ páńpẹ́ sílẹ̀ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́? Bàbá ọ̀hún ò sì tíì fi orúkọ ara rẹ̀ gbé àwòrán wá láti oṣù márùn-ún, ó ní òun ń sinmi. Bí ó bá sọ fún Tíṣà pé kámẹ́rà kan ni, Tíṣà á béèrè bó ṣe mọ̀. Bó bá dárúkọ ìlà, wọ́n á béèrè ta ló fà á. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì wọ inú kámẹ́rà yẹn rí.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ kápẹ́ńtà, rí i pé kò jẹun. "Ìyàwó mi, àwòrán ta ló kú?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹnì kan ń fi mí ṣeré."

"Lọ bá a nílé, kí o bi í léèrè. Èèyàn kì í fi awò wo ọkàn ẹlòmíràn. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í mu ún dípò oúnjẹ."

Ló bá lọ lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀gá Fíìmù fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Oòrùn ń ràn sí obìnrin náà lójú, síbẹ̀ ó ní, "Ta ni?" Ìgbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ ló tó rẹ́rìn-ín. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ìyẹn sínú. Wọ́n jókòó, bàbá ń béèrè àlàáfíà ọmọ, àlàáfíà ọkọ, àmọ́ èjìká rẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bàbá yìí ò sì gbé ojú fún un. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ ha ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bàbá dìde lọ bu omi fún un, ó ki ìka kan bọ inú ife bó ṣe ń da omi sí i. Kámẹ́rà ọjọ́sí wà lórí tábìlì, ó ń dán.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ mu díẹ̀ nínú omi náà nítorí ọ̀wọ̀. Ó wá yọ fóònù, ó ṣí àwòrán Wo-Ọ̀run, ó nà án sí i. "Bàbá, kí lẹ rí níbí?"

Bàbá gbà á. "Ojú ọ̀run ni. Ó mọ́ tónítóní."

Irọ́! Ìlà náà ń wo àwọn méjèèjì lójú. Inú bí i. "Ẹ wo igun òsì lókè dáadáa, Ọ̀gá. Ẹ má fi mí ṣe ọmọdé."

Bàbá gbé fóònù náà sún mọ́ ojú títí ó fi kan imú rẹ̀. Ó tẹ orí sí ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì.

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Mo rò pé mo ti nù ún."

Obìnrin náà gbé ife sílẹ̀. "Ẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ tí o gbé e wá ni mo ti rí i. Ó hàn lára àwòrán àkọ́kọ́ tí mo yà. Mo ní bí mo bá sọ̀rọ̀, ta ló tún máa gbé kámẹ́rà fún ẹ? Ọmọ rẹ kékeré wà lẹ́yìn rẹ lọ́jọ́ náà. Mo wá ń nù ún lórí kọ̀ǹpútà, níkọ̀ọ̀kan, kí n tó gbé àwòrán wá. Ọdún méje. Ó ti mọ́ mi lára. Ojú mi ló kọ̀ báyìí, ọmọ mi. Dókítà ní kò ní pẹ́ parí. Mi ò rí ìlà yẹn mọ́, ibi tí mo bá rántí ni mò ń nù."

Gbogbo ohun tó ti kó jọ láti fi dá bàbá náà lẹ́jọ́ wá yí padà níwájú rẹ̀: ìka tó fi ń wọn omi nínú ife, èjìká tó ń wò, "Ta ni?" tó sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí.

"Àwọn márùn-ún yẹn ńkọ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń sọ sí àwòrán mi bí mo bá fi orúkọ mi gbé e wá? 'Ó rẹwà, Ọ̀gá.' Fóònù mi á kà á sókè fún mi, ó rẹwà, ó rẹwà, bí ẹyẹ ayékòótọ́. Mi ò mọ ohun tí mo yà! Àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n á bá a wí. Kò tilẹ̀ ju ìwọ náà lọ tó ń bá wọn wí. O ní mo gé ẹsẹ̀ ọkùnrin kan. Ṣé o rí i, mi ò mọ̀ pé ọkùnrin kan wà níbẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn! Ojú rẹ ni mo fi ń ríran láti oṣù mẹ́rin."

Obìnrin náà sunkún. Kò bo ojú, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa rí i, àmọ́ bàbá gbọ́.

"Má sunkún. Sọ fún Tíṣà pé arúgbó kan ló ń ṣeré. Má dárúkọ ìlà yẹn rárá. Orúkọ rẹ ni oúnjẹ rẹ."

Nígbà tó di Sátidé, Tíṣà pè. "Ẹ̀gbọ́n, èèyàn ni àbí irọ́?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn," ló dáhùn. "Èèyàn gidi sì ni." Ó sọ ẹni tó jẹ́ fún un àti ìdí tó fi ṣe é.

Tíṣà yọ mẹ́rin kúrò nínú méjìlá, ó ní mẹ́jọ ló kù. Ohun táwọn fẹnu kò lé lórí ò yí padà. Ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó parí oṣù, ilẹ̀kùn máa tì.

Lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá Fíìmù fi orúkọ ara rẹ̀ gbé àwòrán kan wá. Kò nu ìlà náà kúrò. Àwọn tó ti lọ tipẹ́ yà wá dágbére. "Ó rẹwà, Ọ̀gá." "Ó rẹwà gan-an ni." Ó tó ọgbọ̀n èèyàn tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ti gbé kámẹ́rà wá fún Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ pọ̀ nínú wọn.

Òun náà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń ka orúkọ wọn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

"Ọ̀gá, ohun tí mo rí nìyí. Àdúgbò yín ni. Àga onígi kan wà ní apá ọ̀tún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Obìnrin kan kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń sá ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù sórí okùn, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì wà lókè. Ẹ tẹ kámẹ́rà sí òsì díẹ̀, ilé dà bí èyí tó fẹ́ ṣubú. Ní igun òsì lókè, ìlà kan wà lójú ọ̀run. Kì í ṣe ẹyẹ, kì í sì í ṣe wáyà iná. Èmi ni mo fà á lọ́dún méje sẹ́yìn nígbà tí mò ń nu kámẹ́rà yín, mo sì dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ ń nù ún kúrò fún mi."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó fi ránṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì, ó ń retí ohun tí wọ́n máa sọ. Ó mọ̀ pé níbì kan báyìí, fóònù ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè nínú yàrá kan.

Lẹ́yìn náà ni èsì wọlé, láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Fíìmù.

"O ṣé, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Kí lo tún rí níbẹ̀?"

Ó wo aago. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo mẹ́fà lù. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó sì ń bá a lọ láti orí aṣọ tó wà lórí okùn.