Àdúrà Tí Alhaji Tẹ̀ Mọ́ Ìwé Kausarat

Kausarat wọ ṣọ́ọ̀bù Alhaji Ràsákì, àgbà onítẹ̀wé ní Ṣómólú, ìbínú ti dé e lọ́fun. Kò ráyè kúnlẹ̀ kí bàbá, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé! Ó la ìwé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ orí tábìlì gbàà.

"Alhaji, ta ló kọ eléyìí?"

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Kausarat fi kọ ìwé yẹn. Ìtàn ọjọ́ iwájú ni: ní ọgọ́ta ọdún sí ìsinsìnyí, ọ̀sà yóò gbé Ìlàjẹ, ní Bàrígà lọ́hùn-ún, mì pátá, nítorí pé gbogbo ayé ń wí pé "Ọlọ́run ò ní jẹ́ á rí i" títí omi fi dé ẹnu ọ̀nà. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ni gbogbo rẹ̀ dá lé: ilé kan ò ṣẹ́ kù. Ọ̀túnla ni wọ́n fẹ́ kó ìwé náà jáde. Ojú ìwé yẹn dà? Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé: "Omi náà sì padà sẹ́yìn. Ọlọ́run ò ní jẹ́ á rí ibi. Àmín."

Àmín kẹ̀! Ta ló ní kó ṣàdúrà?

Alhaji ò tiẹ̀ mira. Kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí àti ìwé ètò ìsìnkú ló ti ń tẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, bébà kan kì í sì í jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ láìsí àdúrà nísàlẹ̀.

"Èmi ni mo yí i. Ṣebí Ìlàjẹ ni Saheedat ọmọ mi ń gbé? Kí n wá fi ẹ̀rọ ara mi tẹ̀ ẹ́ pé omi gbé e lọ? O ò mọ̀ pé ẹnu lẹbọ ni?"

Orí Kausarat gbóná. Àwa èèyàn yìí náà! A ó rí kòtò, a ó tẹ́ ẹní lé e lórí, ẹni tó bá wá ká ẹní kúrò la ó máa pè ní ọ̀tá. Òun náà ń kírun o, márààrún! Ọlọ́run tó fún wa lójú, ṣé kí á máa dijú ló ṣe fún wa?

"Alhaji, lásìkò òjò tó kọjá, ibo lomi dé nílé Saheedat?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu tádàwà ọwọ́ rẹ̀. "Ó dé orí bẹ́ẹ̀dì. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n gbé ọmọ lé."

"Kí lẹ wá ṣe sí i, sà?"

"A gbàdúrà."

"Lẹ́yìn àdúrà ńkọ́?"

Alhaji ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ ojú ìwé tó kẹ́yìn gan-an, èyí tí Kausarat fọwọ́ sí níjọ́sí, jáde. Ó kà á tán, ó tún un kà.

"Màá tún un tẹ̀ bó o ṣe kọ ọ́," ó wí. "Àmọ́ àṣìṣe kan ṣì wà nínú ẹ̀."

"Àṣìṣe wo tún ni?"

"Ọgọ́ta ọdún tó o kọ síbí yìí, Kausarat. Ó ti pọ̀ jù."