Ìka Mi Lára Irin Ẹ̀gbọ́n Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa da awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo irin tí àwọn dókítà fi ń rọ́pò eegun, kí ara lè gba irin náà bí ọmọ inú ilé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, èèwọ̀ kan ni mo sì ń pariwo mọ́ wọn létí: irin tí a bá ti fọ̀, a kì í fi ọwọ́ lásán kàn án. Bí òróró ara bíńtín bá wà lábẹ́ awọ yẹn, yóò ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, yóò sì máa rìn kiri nínú ẹran ara ẹni ẹlẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi irin ìbàdí tí mo bò sára ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mo ń fi ìpara ra ọwọ́ ní ọ́fíìsì. Kọ́ọ̀bù tíì yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Òróró ọwọ́ yẹn ló rán mi létí. Ọjọ́ tí a bo irin yẹn, ìdí yún mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ìdí ọ̀jọ̀gbọ́n náà a máa yún, pàápàá èyí tó fẹ̀ tó tèmi. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, mo họ ọ́ tẹ́rùn. Ṣé mo wọ ìbọ̀wọ́ padà kí n tó gbé irin sínú ẹ̀rọ tó ń da awọ bò ó? Mo ronú títí, n kò rántí.

Mo pe dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó ti pa fóònù. Mo sáré bá Ẹlẹ́rọ, ọkùnrin tó ń bá mi tọ́jú ẹ̀rọ.

"Irin kékeré tí a bò pẹ̀lú ti ìbàdí yẹn fún ìdánwò dà?"

"Ó wà, Ìyá. Kí ló ń gbọ̀n yín bí ewé?"

"Fi abẹ́rẹ́ ha á. Má bi mí léèrè."

Ọwọ́ kan náà ni mo fi gbé irin méjèèjì. Abẹ́rẹ́ ń lọ geere, awọ dì mọ́ irin. Mo ti ń mí dáadáa. Ó dé àárín, awọ hó. Ibi tó hó rí roboto bí orí ìka. Ẹlẹ́rọ wo irin, ó wo ọwọ́ mi.

Títì kan ló wà láàárín wa àti ilé ìwòsàn. Mo ká yẹ̀rì sókè, mo sáré. Ẹran ara mi náà ń sáré, èyí tó wù ú sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbá irin yẹn wọnú eegun ńkọ́? Àfi kí wọ́n fọ́ eegun kí wọ́n tó yọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

Nọ́ọ̀sì dí ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. "Ìyá, wọ́n ti la ìbàdí wọn."

"Wọ́n ti fi irin sí i?"

"N kò mọ̀."

"Wọlé, sọ fún dókítà kó lo irin lásán tí kò láwọ, tó wà nípamọ́! Awọ tí mo dà bo tèmi ń hó."

"Mo gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀."

Mo na ọwọ́ ọ̀tún sí i. "Kọ ọ́ pé èmi ni mo fi ọwọ́ lásán kàn án. Kọ orúkọ mi."

Ó wọlé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wákàtí méjì, ilẹ̀kùn kò ṣí. Bí ìró bàtà bá ti dún, mo gbà pé wọ́n ń bọ̀ wá sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ìtọ̀ díẹ̀ tilẹ̀ dà sí mi lára; kí n má purọ́.

Nọ́ọ̀sì jáde wá. "Ọwọ́ dókítà ni tiyín wà nígbà tí mo wọlé. Irin lásán ni wọ́n fi sí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń mú kí ìsàlẹ̀ ara kú ni dókítà gún wọn, wọn kò sùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ yín tí mo jẹ́ fún dókítà ni wọ́n gbọ́. Wọ́n ní níbo ni ọlọ́wọ́ ìdọ̀tí yẹn wà."

N kò tilẹ̀ dúró dìde. Mo rá wọlé lọ bá a.